Níbo lẹ ti ń ra kóró kọfí tútù (èyí tí wọn ò tíì yan) tó dáa fún yíyan nílé?

AyanTuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń yan kọfí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń yan kọfí fúnra mi, ẹ̀rọ gúgúrú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kóró tí mo kọ́kọ́ rà, kílò kan péré, tí mo bá yàn án gbogbo ilé ló máa ń ta sánsán, ó dùn débi pé mi ò lè ra èyí tí wọ́n ti yan ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Nígbà tó tán, ẹni tó tà á fún mi ò ní in mọ́, ni mo bá lọ bá ẹlòmíì, mo ra kílò márùn-ún lẹ́ẹ̀kan torí owó ẹ̀ rọjú. Látìgbà náà mi ò gbádùn kọfí mọ́. Ó ń rùn bíi páálí tí òjò pa, tí mo bá gbé e mì ó máa ń dà bíi pé igi gbígbẹ ni mo jẹ. Mo dín iná kù, mo fi kún un, mo yan díẹ̀, mo yan púpọ̀, ibì kan náà ló ń já sí. Mo ti ń rò ó pé bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yan. Ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ẹ̀ ò ju "Brazil, Arabica, ojúlówó" lọ. Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó ń ta ọjà gidi, kí ló yẹ kí n máa bi wọ́n kí n tó sanwó?

Àgbà_Ayankọfí:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Kọfí èṣí ni wọ́n tà fún ẹ, ó sì lè jẹ́ èyí tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú èṣí. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ẹ̀ kó o gbé e lọ sójú fèrèsé. Tó bá ti ṣì, tí àwọ̀ ewé ara ẹ̀ ti lọ, tó wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi pépà tó ti pẹ́, tó o gbóòórùn ẹ̀ tó jẹ́ òórùn àpò ìdọ̀họ lo gbọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò sí iná tó lè dá adùn tó ti lọ padà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta kóró tútù fún mi nìyí: ìgbà wo ni wọ́n ká a? Ìgbà tí wọ́n ká a lóko ni mò ń wí o. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa sọ fún ẹ pé "oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé", òótọ́ sì lè ni, àmọ́ ó lè ti jókòó sílé ìkẹ́rùsí ẹlòmíì fún ọdún kan gbáko kó tó dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀. Tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa, oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn ìkórè ló ṣì máa ń fi ara ẹ̀ hàn bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń sá.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o mọ ìgbà ìkórè àwọn ilẹ̀ tí kọfí ti ń wá. Ethiopia máa ń ká tiwọn láti bí October sí January. Brazil láti bíi May sí September. Kenya ní ìkórè ńlá kan tó máa ń bọ́ sí October sí December, wọ́n tún ní kékeré kan láàárín ọdún. Àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà bíi Guatemala àti Costa Rica, láti ìparí ọdún wọnú bíi March. Colombia ní tiẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibì kan á máa ká a nígbà gbogbo, torí agbègbè kan yàtọ̀ sí èkejì. Tí wọ́n bá ti ká a, wọ́n á sá a, wọ́n á jẹ́ kó sinmi nínú èèpo ẹ̀ fún bí oṣù kan tàbí méjì, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣà á, kó tó wọ ọkọ̀ òkun. Torí náà tí kọfí Ethiopia tí wọ́n ká ní December bá dé ọwọ́ ẹ ní June, tuntun nìyẹn. Àmọ́ tẹ́nì kan bá ń ta ti Brazil fún ẹ ní August tó ní ìkórè ọdún yìí ni, bi í léèrè dáadáa, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa ká ti ọdún yìí lọ́wọ́.

Màmá_Kọ́ọ̀pù:
Ire o. Ohun tí Àgbà sọ ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Èmi kì í tíì wo owó tí wọ́n kọ, ohun tí olùtà kọ nípa kọfí ẹ̀ ni mo máa ń kà. Ẹni tó mọ nǹkan tó ń tà máa kọ orílẹ̀-èdè, á kọ agbègbè, á kọ oko tàbí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó ti wá, á sọ irú igi tó jẹ́ bíi Bourbon, Caturra, SL28, á sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ga tó ní mítà, á sọ bí wọ́n ṣe sá a, á wá sọ ọdún ìkórè. Èyí tó kọ "Brazil, Arabica" yẹn, kò tíì sọ nǹkan kan. Brazil ló ń kó kọfí jáde jù lágbàáyé, kọfí ibẹ̀ sì wà láti èyí tó dáa jù dórí èyí tí kò ṣeé mu.

Ọmọ mi, má jẹ́ kí lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ara àpò dá ẹ lójú o. Bí wọ́n bá kọ AA sára kọfí Kenya, bí kóró ẹ̀ ṣe tóbi tó ni wọ́n ń sọ. Asẹ́ ni wọ́n fi ń kù ú, ìwọ̀n ihò asẹ́ ọ̀hún sì ni wọ́n ń kà, asẹ́ 18 túmọ̀ sí ìdá 18 nínú 64 ínǹṣì kan, ìyẹn bíi mìlímítà 7. Supremo ti Colombia náà, títóbi ni. Àmọ́ SHB tí wọ́n ń kọ sára ti Guatemala àti Costa Rica, gíga ilẹ̀ nìyẹn ń sọ, torí kóró tó dàgbà lórí òkè tó tutù kì í tètè pọ́n, ó sì máa ń le, ó máa ń ki. Grade 1 ti Ethiopia, àbùkù tí wọ́n kà nínú ẹ̀ ló wé mọ́ ọn jù. Ẹ rí i pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kò sí èyí tó lè dá sọ fún ẹ pé á dùn lẹ́nu.

AyanTuntun:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà mi. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé bẹ́ ẹ ṣe wí, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òórùn àpò náà sì ni lóòótọ́. Ó dùn mí o, àmọ́ ara tù mí pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo ti ń wo ojúlé àwọn olùtà míì báyìí, mo sì ń rí nọ́ńbà bíi 84, 86, 88. Ṣé kí n kàn máa mú èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ ga jù ni?

Ọmọ_Òkè:
Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣe gbogbo ẹ̀. Nínú 100 ni wọ́n ti ń kà á, èyí tó bá gba 80 sókè ni wọ́n ń pè ní specialty, ìyẹn kọfí àkànṣe. Ó wúlò, àmọ́ ẹnu èèyàn ló ń fún un ní máàkì, torí náà ẹ bi wọ́n pé ta ló tọ́ ọ wò, ìgbà wo sì ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ó jẹ́ pé ilẹ̀ tó ti wá ni wọ́n ti fún un ní 87, kó tó rìnrìn àjò lórí omi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó tún wà nílé ìkẹ́rùsí. Olùtà tó bá tọ́ ọ wò fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tó dé, tó sì sọ fún ẹ pé 85 lòun rí báyìí, èmi nígbàgbọ́ nínú ẹni yẹn ju ẹni tó ń pariwo 88 lọ.

Ohun tẹ́ ẹ lè fi ojú ara yín rí nílé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe. Ìlànà tí SCA, ẹgbẹ́ àwọn oníkọfí specialty lágbàáyé, fi ọ̀pọ̀ ọdún lò ni pé wọ́n á wọn gíráàmù 350, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á ṣà á ní kóró kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó pè é ní specialty, àbùkù ńlá kankan ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, àbùkù kékeré ò sì gbọ́dọ̀ ju 5 lọ. Èmi máa ń tẹ́ pépà funfun sórí tábìlì níbi tí oòrùn ti ń wọlé, màá da kọfí sí i, màá fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó má gun ara wọn, lẹ́yìn náà màá máa yọ àwọn tí ojú mi ò gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó dúdú porogodo, àbùkù ńlá ni. Èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tẹ́ ẹ bá fi èékánná ha á tó ń rùn kíkan, òun náà ńlá ni, ó ti kan látìgbà tí wọ́n ti ń sá a tàbí ṣáájú. Èyí tó ti bu. Òkúta, igi. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ máa rí ihò róbótó tín-ín-tín lára ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ lá á já sí méjì ẹ máa rí ojú ọ̀nà tí kòkòrò gbà nínú ẹ̀. Tí kòkòrò bá jẹ ẹ́ gan-an, márùn-ún ni wọ́n kà sí ńlá kan, tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, mẹ́wàá ni wọ́n kà sí kékeré kan. Fífọ́, márùn-ún fún kékeré kan.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yàn án tán, ẹ tún wò ó. Àwọn kan á wà tí wọn ò ní dúdú bíi tàwọn tó kù, wọ́n á funfun bíi ẹ̀pà. Quaker ni wọ́n ń pè wọ́n, èso tí kò tíì pọ́n ni wọ́n ká. Ẹ jẹ ọ̀kan lẹ́nu, ẹ máa mọ ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ ṣà wọ́n dànù. Tí wọ́n bá ti pọ̀, ẹ mọ̀ pé kíká ló ti bàjẹ́ láti oko.

DúdúLóDùn:
Mo fẹ́ sọ tèmi o, torí ó dà bíi pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé àwọ̀ ewé nìkan ló dáa. Kọfí tí wọ́n sá pẹ̀lú èso ẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní natural, máa ń pọ́n díẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Èyí tí wọ́n ti yọ kaféènì ẹ̀ kúrò, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa ní látilẹ̀wá, òun ló sì máa ń tètè gbó jù nínú gbogbo wọn. Ti Sumatra, erékùṣù kan ní Indonesia, tí wọ́n bó nígbà tó ṣì tutù, tiẹ̀ máa ń dúdú mọ́ ewé, tí kóró ẹ̀ á rí wọ́gọwọ̀gọ, bẹ́ẹ̀ ó lè dáa gan-an. Torí náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe sá a kẹ́ ẹ tó fi àwọ̀ dá a lẹ́jọ́.

Èmi fẹ́ràn kó dúdú dáadáa, mo sì máa ń po Robusta, irú kọfí míì tó yàtọ̀ sí Arabica, mọ́ ọn. Àwọn èèyàn máa ń fojú di Robusta, ó ní kaféènì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Arabica, ó máa ń korò, àmọ́ èyí tí wọ́n ká nígbà tó pọ́n tí wọ́n sì fọ̀ dáadáa, ó ń fún espresso ní ara. Ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á. Ẹni tí kò bá lè sọ oko tí Robusta ẹ̀ ti wá, mi ò ní ra Arabica lọ́wọ́ ẹ̀.

Àgbà_Ayankọfí:
Òótọ́ lo sọ, DúdúLóDùn, o ṣeun. Ti Brazil tí àbúrò wa rà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ natural, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àmọ́ òórùn àpò àti adùn páálí yẹn ló tú u fó, àwọ̀ nìkan kọ́.

SámpùNìkan:
Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Wọ́n fún mi ní sámpù gíráàmù 200, ti Ethiopia, ó ń ta sánsán bí òdòdó, mo yàn án lẹ́ẹ̀mejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn torí ayọ̀. Mo ní kí wọ́n kó kílò mẹ́wàá wá. Nígbà tó dé, kóró ẹ̀ tóbi ju ti sámpù lọ, àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, kò ní òórùn kankan. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ibì kan náà ló ti wá. Mi ò ní ẹ̀rí kankan torí mo ti yan gbogbo sámpù náà tán. Látọjọ́ yẹn, tí sámpù bá dé mo máa ń bu gíráàmù 50 pa mọ́ sínú ìgò tó dé dáadáa, màá kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (ìyẹn nọ́ńbà ìpín ọjà tó ti wá) àti déètì sára ẹ̀, tí ọjà bá dé màá da méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí olùtà kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì sínú ìwé tó fún yín. Tẹ́ ẹ bá tún láǹfààní àtirí àpò tó ti wá, tàbí kó ya fọ́tò ẹ̀ fún yín, ẹ wo ara àpò, ẹ sábà máa rí nọ́ńbà mẹ́ta tí ìlà pín níyà, ti àkọ́kọ́ dúró fún orílẹ̀-èdè, èkejì fún ẹni tó kó o jáde, ẹ̀kẹta fún lọ́ọ̀tì. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ò ní bínú pé ẹ ní kóun ya fọ́tò.

Ẹ tún bi wọ́n nípa omi inú kóró. Ìdá 10 sí 12 nínú 100 ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ti ju 12.5 lọ, ó lè bu. Tó bá wálẹ̀ gan-an, ó ti gbẹ, adùn ẹ̀ ti ń lọ. Àwọn tó ń tà á ní púpọ̀ ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí náà "a ò mọ̀" kì í ṣe ìdáhùn. Àwa tá a wà nílé tá ò ní ẹ̀rọ náà, síkéèlì ti tó. Mo máa ń wọn kọfí kí n tó yàn án, màá tún wọ̀n ọ́n tí mo bá yàn án tán. Bí mo ṣe máa ń yan tèmi, 100 gíráàmù máa ń di bíi 85. Tí mo bá yan kọfí kan dé àwọ̀ kan náà, tó wá ku 88 tàbí 89, mo mọ̀ pé omi ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọmọ_Òkè:
Mo gbàgbé kiní kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ti Rwanda tàbí Burundi, ẹ bi olùtà bóyá ó rí òórùn pòtétò níbẹ̀ nígbà tó tọ́ ọ wò. Kóró kan ṣoṣo lè ṣe é, ẹ ò ní rí i lójú, ẹ̀yìn tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ ni òórùn pòtétò tútù á gba gbogbo ilé. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní antestia ni wọ́n so ó mọ́. Kò léwu fún ara, kọ́ọ̀pù yẹn nìkan lẹ máa dànù, kọfí ibẹ̀ sì dùn débi pé mo ṣì ń rà á. Olùtà tó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi kí n tó bi í, láti ọdún yẹn mi ò tíì kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀.

AyanTuntun:
Ẹ̀rù kílò mẹ́wàá yẹn bà mí o. Ṣé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó o wọlé gan-an ló yẹ kí n lọ, àbí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń já a sí kékeré?

Àgbà_Ayankọfí:
Àwọn tó ń kó o wọlé, odidi àpò ni wọ́n sábà ń tà, kílò 60, ti Colombia tiẹ̀ máa ń jẹ́ 70. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣe ìṣirò ẹ̀: tó o bá ń yan gíráàmù 250 lọ́sẹ̀, kílò 13 péré lo máa lò lódindi ọdún kan. Kílò márùn-ún tó o rà yẹn, oúnjẹ oṣù márùn-ún nìyẹn, tó bá sì ti lo oṣù mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, o mọ ibi tó máa parí sí. Èmi kì í ra ju ohun tí mo máa yan láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Àwọn tó ń já àpò sí kílò kan kílò kan fún àwa ará ilé ló dáa fún ẹ, àmọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n já àpò náà àti ohun tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Àpò ìdọ̀họ lásán máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin àti òórùn wọlé, èyí tí wọ́n fi ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá tẹ́ inú ẹ̀ ló ń pẹ́. Ọ̀nà míì tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ronú kàn: àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń yan kọfí fúnra wọn. Wọlé, mu kọ́ọ̀pù kan, tó bá dùn mọ́ ẹ, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta kílò kan fún ẹ nínú èyí tí wọn ò tíì yan. Wọ́n ti tọ́ ọ wò, wọ́n ti fi owó ara wọn rà á, o sì ti mọ bó ṣe yẹ kó rí lẹ́nu kó o tó gbé e délé. Àwọn kan máa kọ̀, àwọn kan máa gbà tayọ̀tayọ̀, wọ́n á tún sọ fún ẹ bí wọ́n ṣe ń yàn án.

Màmá_Kọ́ọ̀pù:
Tó bá délé, má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, má gbé e sínú ìgò lójú fèrèsé torí pé ó wuyì. Ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, tí nǹkan olóòórùn ò sí. Kóró tútù máa ń fa òórùn mọ́ra, mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ nígbà kan, kọfí yẹn ò ṣeé mu. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lè fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá ẹ̀ kó gbé e sínú fírísà, àmọ́ kó má ṣe tú u nígbà tó ṣì tutù, kó jẹ́ kí yìnyín ara ẹ̀ kúrò tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á bò ó.

AyanTuntun:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti padà dé. Mo kọ̀wé sí olùtà mẹ́ta, ìbéèrè kan náà ni mo bi wọ́n: ìgbà tí wọ́n ká a, oko, bí wọ́n ṣe sá a, omi inú ẹ̀, ìgbà tí wọ́n tọ́ ọ wò kẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ fèsì pé "tuntun ni, ẹ má ṣèyọnu", kò sọ nǹkan míì. Ìkejì kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́: Guatemala, washed (èyí tí wọ́n fọ èso ara ẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sá a), wọ́n ká a láàárín January sí March, omi inú ẹ̀ 10.8, ó sì ya fọ́tò àpò láì jẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ìkẹta ní èyí tí mo béèrè ti ń lọ sí ọdún kan àtààbọ̀ lọ́wọ́ òun, òun ò ní fẹ́ kí n rà á, ó fi òmíràn hàn mí. Mo gba sámpù gíráàmù 250 lọ́wọ́ ìkejì àti ìkẹta.

Mo tẹ́ pépà funfun, mo da ti Guatemala sí i. Ó dán, ó ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ di búlúù, ó ń rùn bíi koríko tútù. Mo ṣa gbogbo ẹ̀, kóró fífọ́ mẹ́ta àti ọ̀kan tí kòkòrò gún ni mo rí. Nígbà tí mo yàn án, ó ta pàpàpà kíkankíkan, ti àtijọ́ yẹn kàn ń ṣe kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ni, mi ò mọ̀ pé bó ṣe yẹ kó ta nìyẹn. 100 di 86. Mo jẹ́ kó sinmi ọjọ́ méjì, mo mu ún láàárọ̀ yìí. Omi ń bọ́ lójú mi díẹ̀, mi ò purọ́. Mo ti bu 50 pa mọ́ sínú ìgò.

Kílò mẹ́ta àtààbọ̀ tó kù nínú èyí tó ti gbó ńkọ́, ṣé kí n dà á nù ni?

Àgbà_Ayankọfí:
Má dà á nù. Ó ti gbẹ, torí náà má fi iná tó le bẹ̀rẹ̀, kíákíá ló máa ń jó lójú, nínú ẹ̀ á sì wà bẹ́ẹ̀. Fi kọ́ ọwọ́ ẹ: yan gíráàmù 100 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, máa kọ ìṣẹ́jú tó kọ́kọ́ ta sílẹ̀ àti ìgbà tó o gbé e kúrò, yí nǹkan kan ṣoṣo padà nígbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dúdú dáadáa, fi mílíìkì mu ún. Tó o bá sì ra ẹ̀rọ tuntun lọ́jọ́ kan, àwọn wọ̀nyẹn ni kó o kọ́kọ́ yan nínú ẹ̀ kí òórùn irin lè kúrò.

Ìwọ̀n wo lo fẹ́ ra nínú ti Guatemala?

AyanTuntun:
Kílò méjì, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ní kó kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì sínú ìwé.